Inṣọ́ránsì ní ó ti tó, dókítà ní kò tó: ìbéèrè yín lórí òògùn àti èlò àtọ̀gbẹ

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń gbé Amẹ́ríkà, igbe kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń ké: dókítà ti kọ òògùn àtọ̀gbẹ, inṣọ́ránsì ní iye tí òun máa san fún ti pé. A mú márùn-ún nínú wọn. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: ọ̀pọ̀ "wọn ò san án" tí ẹ ń gbọ́ ní fámásì kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó, ó yẹ àìsàn yín wò, ó sì kọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ṣírò. Ohun tí dókítà kọ sínú ìwé òògùn àti èyí tó kọ sínú fáìlì yín ló sì fi ṣírò. Ibẹ̀ ni àtúnṣe wà. Ẹ má bá ọmọ tó dúró nídìí káńtà jà, kì í ṣe òun ló pa àṣẹ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 71 ni mí, Medicare, inṣọ́ránsì ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbà, ni mo ń lò. Nítorí insulin tí mò ń gún, dókítà ní kí n máa yẹ ṣúgà mi wò lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Fámásì ní strip 300 péré (pélébé tí mò ń kán ẹ̀jẹ̀ sí kí mítà lè ka ṣúgà) ni àwọn lè fún mi fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tó kù ńkọ́? — Ìyá Ìbejì, Houston, Texas

Ẹ kú ìfaradà, Mà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́ fún 90 ọjọ́ jẹ́ strip 360. Medicare Part B, apá tó ń san fún dókítà àti èlò ìtọ́jú, máa ń san fún strip 300 àti abẹ́rẹ́ ìka 300 lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta fún ẹni tó ń gún insulin. Ẹni tí kò gún insulin, 100 àti 100 ni tirẹ̀. Nítorí náà strip 60 ló kù díẹ̀ káàtó fún yín, ìyẹn ọjọ́ 15 gbáko.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé 300 yẹn kì í ṣe òpin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà gbọ́dọ̀ ti rí yín láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tó kọ ìwé náà. Ó gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú fáìlì yín pẹ̀lú: bóyá ṣúgà yín ń já wálẹ̀ lóru, bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ìwọ̀n insulin yín padà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà pé ẹ ń yẹ̀ ẹ́ wò tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà sí lójoojúmọ́ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí dókítà bá fà jáde látinú mítà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ dókítà kí ẹ fi bíírò kan ṣoṣo kọ nọ́ńbà oṣù mẹ́ta. Ojú lásán ni wọ́n fi ń mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, mítà náà sì ní ọjọ́ àti wákàtí nínú. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹ óò máa tún ẹ̀rí yìí ṣe.

Ibi tí nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ìwé òògùn fúnra rẹ̀. Bí dókítà bá kọ pé kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò "bó bá ṣe yẹ", kọ̀ǹpútà kò rí nọ́ńbà kankan kà. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni: ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, strip 360, 90 ọjọ́, pẹ̀lú kóòdù àìsàn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E11 bó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, àti Z79.4 tó sọ pé insulin ti di òògùn yín ojoojúmọ́. Ẹ tún wádìí nǹkan kan lọ́wọ́ fámásì. Lẹ́tà méjì kan wà tí wọ́n ń fi sí ìwé owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí Medicare: KX ni fún ẹni tó ń gún insulin, KS fún ẹni tí kò gún. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá ṣèèṣì tẹ KS fún yín, 100 ni wọ́n máa san, kódà bí dókítà bá kọ 1,000.

Ní ti owó: ní 2026, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ́kọ́ san dọ́là 283 ti Part B fún gbogbo ìtọ́jú ọdún náà, lẹ́yìn ìyẹn ìdá 20 nínú 100 ni tiyín. Ẹ rí i dájú pé fámásì náà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Medicare, ó sì gba "assignment", ìyẹn ni pé kò ní gba ju iye tí Medicare fọwọ́ sí. Abẹ́rẹ́ orí pẹ́ẹ̀nì, síríǹjì àti òwú ọtí kì í ṣe ti Part B rárá, Part D, apá tó ń san òògùn, ló ni wọ́n. Bí ẹ bá gbé ìwé wọn lọ sí ibi tí kò yẹ, wọ́n á dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì pè yín lórí fóònù pé òun fẹ́ fi strip ọ̀fẹ́ ránṣẹ́, ẹ má fún un ní nọ́ńbà Medicare yín. Òfin kò gbà kí oníṣòwò kankan máa fi èlò ránṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ béèrè.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Láti 16 April 2023, ẹnikẹ́ni tó bá ń gún insulin, bó ṣe wù kó kéré mọ, lè gba ẹ̀rọ CGM, tí a ń lẹ̀ mọ́ apá kó lè máa ka ṣúgà tọ̀sántòru, láti ọwọ́ Medicare, bí dókítà bá ti rí i láàárín oṣù mẹ́fà. Ẹni tí kò gún insulin náà lè gbà á bí ṣúgà rẹ̀ bá ti já sí ìsàlẹ̀ 54 mg/dL lọ́pọ̀ ìgbà láìka àtúnṣe òògùn sí, tàbí bó bá já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo débi pé ẹlòmíràn ló dóòlà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí kí ẹ tó fọwọ́ sí i: fún àwọn CGM tí a lè fi nọ́ńbà wọn pinnu ìwọ̀n insulin láìgún ìka, owó strip ti wà nínú owó tí wọ́n ń san fún èlò CGM náà, wọn kò sì ní san strip lọ́tọ̀ mọ́. Ẹ tún gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rọ kékeré tó ń ka nọ́ńbà, kí ẹ sì máa lò ó nígbà míràn, kódà bó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ràn. Bí fóònù nìkan lẹ bá ń lò, Medicare kò ní san fún sẹ́ńsọ̀, ìyẹn èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ apá.

Inṣọ́ránsì ilé iṣẹ́ mi ni mò ń lò. Yúnìtì 20 ni mò ń gún ṣáájú oúnjẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Páálí kan kì í bá mi dé ìparí oṣù, bí mo bá sì padà lọ, wọ́n á ní ó yá jù. Ṣé mò ń lo òògùn jù ni? — Bàbá Tóún, Bowie, Maryland

Rárá o, Bàbá Tóún. Ẹ ò lo òògùn jù, ìṣirò ni wọn ò ṣe pé.

Pẹ́ẹ̀nì kan ní mílílítà 3, yúnìtì 300 ló sì wà nínú rẹ̀. Márùn-ún ló wà nínú páálí: yúnìtì 1,500. Yúnìtì 60 lóòjọ́ yóò fi 25 ọjọ́ gbé e tán. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń tú yúnìtì 2 dànù kí ẹ tó gún un, kí ẹ lè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kò sí lẹ́nu abẹ́rẹ́, àbí? Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, 6 nìyẹn. Ó di 66 lóòjọ́, páálí kan sì tán lọ́jọ́ kẹtàlélógún.

Bí dókítà bá kọ "lò ó bí a ṣe ní kí o lò ó", apòògùn yóò kàn tẹ 30 ọjọ́. Ọ̀pọ̀ inṣọ́ránsì kì í gbà kí a tún òògùn gbà àfi bí ìdá 75 sí 85 nínú 100 ọjọ́ náà bá ti kọjá. Fún 30 ọjọ́, ìyẹn jẹ́ láàárín ọjọ́ kẹtàlélógún sí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n. Pẹ́ẹ̀nì yín sì ti gbẹ kí ọjọ́ kẹtàlélógún tó parí. Ọjọ́ díẹ̀ yẹn ló ń kó ìyọnu bá yín lóṣooṣù.

Ohun tí ẹ máa ní kí dókítà kọ rèé: yúnìtì 20 ṣáájú oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, pẹ̀lú yúnìtì 2 fún ìdánwò pẹ́ẹ̀nì nígbà kọ̀ọ̀kan, èyí tó pọ̀ jù lóòjọ́ yúnìtì 66. Bó bá jẹ́ pé bí ṣúgà bá ṣe rí lẹ fi ń yan ìwọ̀n, "èyí tó pọ̀ jù lóòjọ́" yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ìwé náà. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè fún 90 ọjọ́ dípò 30, bí inṣọ́ránsì yín bá gbà á. Ìdí rẹ̀? Fún 30 ọjọ́ ẹ nílò yúnìtì 1,980, ìyẹn pẹ́ẹ̀nì 6 àti ààbọ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Fámásì mìíràn kì í fẹ́ já páálí. Bí wọ́n bá fún yín ní páálí kan, kò tó. Bó bá jẹ́ méjì, kọ̀ǹpútà á ní ó ti di òògùn 45 ọjọ́, ó ju 30 tí wọ́n fọwọ́ sí lọ. Fún 90 ọjọ́, yúnìtì 5,940 ni. Páálí mẹ́rin géérégé jẹ́ 6,000. Ó bọ́ síra wọn. Mílílítà ni wọ́n fi ń san án, nítorí náà 60 ló yẹ kó wà níbi iye.

Ẹni tó ń gún díẹ̀ ní ìṣòro tó yàtọ̀ sí tiyín. Bí ẹnì kan bá ń gún yúnìtì 8 lóòjọ́, pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ yóò tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú ìṣirò, ṣùgbọ́n insulin bíi Lantus àti Humalog kò gbọ́dọ̀ ju 28 ọjọ́ lọ lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Tresiba lè dé 56. Kí apòògùn fi ọjọ́ ìdànù yẹn ṣírò, kì í ṣe yúnìtì tó ṣẹ́ kù sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ṣì kọ̀, ẹ béèrè fún ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu. Inṣọ́ránsì ilé iṣẹ́ fún yín ní 180 ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ́dọ̀ wọn. Bí ẹ kò bá tíì gba òògùn náà, wọ́n ní 30 ọjọ́ láti dáhùn. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé ìdádúró lè ṣe yín ní jàǹbá, wákàtí 72 ni. Ẹ jẹ́ kí dókítà kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ insulin ni. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ ní oṣù mẹ́rin láti gbé e lọ fún àwọn ará ìta tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ohun tí àwọn yẹn bá sì sọ ni abẹ gé.

Òfin Maryland láti 2023 ní kí owó insulin tiyín má ju dọ́là 30 lọ fún 30 ọjọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ètò òṣìṣẹ́ yín bóyá "self-funded" ni inṣọ́ránsì náà, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń san owó ìtọ́jú, tó kàn gba ilé inṣọ́ránsì láti máa bójú tó ìwé. Òfin ìpínlẹ̀ kì í de irú wọn. Níbi tí a ti ń dúró, ẹ má dín insulin kù kí ó lè pẹ́. Ìgò Insulin Lispro tí kò ní orúkọ Humalog lára ti di dọ́là 25 láti May 2023, Lilly ló ń ṣe é, òògùn kan náà sì ni pẹ̀lú Humalog. Bó bá jẹ́ pé insulin mìíràn lẹ ń lò, dókítà ló máa pinnu ìyípadà.

Láti oṣù January, Medicare Advantage mi, inṣọ́ránsì aládàáni tó kó Part B àti Part D pọ̀, kò san Ozempic, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ mi, mọ́, wọ́n sì ní strip tí mò ń lò kò sí lórí ìwé orúkọ ohun tí àwọn ń san. Òògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé. — Ìyá Ṣadé, Chicago

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní January. Ìwé orúkọ òògùn tí inṣọ́ránsì ń san máa ń yí padà lọ́dọọdún, àṣẹ àrà-ọ̀tọ̀ tí wọ́n fún yín lọ́dún tó kọjá sì sábà máa ń parí ní 31 December láìsí ẹni tó máa kì yín nílọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún "transition fill". Láàárín 90 ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inṣọ́ránsì náà tàbí wọ́n yọ òògùn tí ẹ ń lò kúrò lórí ìwé, wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ti oṣù kan kí ẹ lè rí àyè ṣètò. Apòògùn kì í sábà dárúkọ rẹ̀ àfi bí ẹ bá béèrè.

Ozempic wàyí. Òfin kò jẹ́ kí Part D san án fún ẹni tó kàn fẹ́ dín sísanra kù, nítorí náà kọ̀ǹpútà ń wá kóòdù E11 lórí ìwé náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó ti parí. Kí dókítà fi ìdánwò A1c yín, tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, kún un, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ lo metformin àti ìdí tí kò fi tó tàbí tí inú yín kò fi gbà á, nítorí púpọ̀ nínú wọn ló fẹ́ rí i pé ẹ ti gbìyànjú òògùn tó dínwó kọ́kọ́. Wákàtí 72 ni wọ́n ní láti dáhùn lẹ́yìn tí àlàyé dókítà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, 24 bó bá jẹ́ pàjáwìrì. Bí wọ́n bá kọ̀, 65 ọjọ́ ni ẹ ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Strip rọrùn jù. Ẹ má jà fún orúkọ àtijọ́. Ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè mítà wo ni wọ́n ń san strip rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń ní mítà ọ̀fẹ́ fún un. Kí dókítà kọ ìwé tuntun tó dárúkọ mítà náà, nítorí strip Contour kò ní ṣiṣẹ́ nínú mítà Accu-Chek.

Owó tí ẹ máa san láti àpò yín fún òògùn Part D kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 2,100 lọ ní 2026. 2,000 ni ní 2025. Ẹ lè ní kí wọ́n pín in sí oṣooṣù dípò kí ó wúwo lé yín lórí ní January. Insulin kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 35 lọ lóṣù ní tirẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ ló ní ọ́fíìsì SHIP tó ń gbani nímọ̀ràn lórí Medicare lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà 1-800-633-4227 á júwe wọn fún yín.

Màmá mi ń bọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde fún oṣù mẹ́rin, físà àbẹ̀wò ni. Insulin Mixtard ni wọ́n ń gún. Inṣọ́ránsì wo ni kí n rà tó máa san án? — Ọmọ Aláàrẹ, Brooklyn

A ò ní tàn yín: inṣọ́ránsì àlejò kì í san òògùn àtọ̀gbẹ tí èèyàn ti ní kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Èyí tó ṣe dáadáa jù nínú wọn á san bí àìsàn náà bá ṣàdédé kọlu Màmá lójijì, kì í ṣe strip, kì í ṣe insulin ojoojúmọ́. Ẹ rà á fún ti pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e fún Mixtard.

Kí Màmá kó èyí tó tó oṣù mẹ́rin bọ̀ bó bá ṣeé ṣe. Bó bá tán, Novolin 70/30 ni ẹ máa wá. Mixtard 30 ní insulin tó ń yára ṣiṣẹ́ ìdá 30 àti èyí tó ń pẹ́ ìdá 70; Amẹ́ríkà kàn yí nọ́ńbà náà lórí dà, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé òdìkejì ni. Walmart ń tà á ní orúkọ ReliOn, ìgò kan tó dọ́là 25 tàbí díẹ̀ lé, ní ìpínlẹ̀ tó pọ̀ jù wọn kì í sì béèrè ìwé dókítà. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún ni NovoLog Mix 70/30. Nọ́ńbà kan náà, orúkọ tó jọra, páálí tó jọra, ṣùgbọ́n òun yára ju ti Màmá lọ. Bí wọ́n bá gún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe pẹ̀lú Mixtard, ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Kí apòògùn ka orúkọ náà sókè fún yín.

Bí ẹ bá ń gbèrò káàdì ewé (green card) fún wọn, ẹni tó ti lé ní ọdún 65 tí kò ṣiṣẹ́ rí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè ra Medicare.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo máa lò ní Èkó ní December. Báwo ni mo ṣe máa kó insulin lọ́wọ́? — Ẹ̀gbọ́n Délé, Atlanta

Ẹ pe inṣọ́ránsì, kì í ṣe fámásì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó lọ. "Vacation override" ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ máa lọ àti ọjọ́ tí ẹ máa padà. Wọ́n á ṣí ìdè "ó yá jù" yẹn fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má retí kí Medicare dá owó òògùn tí ẹ bá rà ní Èkó padà, wọn kì í san án.

Báàgì ọwọ́ ni insulin máa wà, kì í ṣe èyí tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, nítorí ó lè dì sí yìnyín nínú ikùn ọkọ̀ òfuurufú, èyí tó bá sì ti dì ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bí ó bá yọ́ padà. Ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfuurufú kì í ka òfin mílílítà 100 sí i, ẹ kàn sọ ọ́ fún wọn. Ní Èkó, pẹ́ẹ̀nì tí ẹ ti ṣí kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 30 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Bí iná bá lọ, ẹ di pẹ́ẹ̀nì sínú nylon tí omi kò lè wọ̀, ẹ gbé e sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, ẹ gbé ìyẹn sínú èyí tó tóbi, kí ẹ da iyanrìn sí àárín méjèèjì, kí ẹ sì máa fi omi rin iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ń tutù dáadáa nígbà ọyẹ́, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa omi jáde lára amọ̀ kíákíá. Nígbà tí Èkó bá ń làágùn, kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Kúlà pẹ̀lú yìnyín tí a fi aṣọ yà kúrò lára pẹ́ẹ̀nì ló dára jù nígbà náà.